Ọmọ tí gáàsì ń dà láàmú, ọmọ tó ń da wàrà padà: èwo lẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú, èwo lẹ máa fi sílẹ̀?

Bí ẹ bá ní ọmọ tuntun tó ń ké lálẹ́, tó ń fa ẹsẹ̀ mọ́ra, tó bá mu ọyàn tán tó tún ń dà á sí yín léjìká, ẹ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ò ní ìmọ̀ràn. Ẹnìkan á ní ẹ ra omi báyìí, òmíràn á ní ẹ pààrọ̀ wàrà, ẹlòmíì á ní bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ́ ẹ sùn ni ò dáa, kẹ́ ẹ tó mọ̀, orí tábìlì ti kún fún ìgò, ọmọ ò sì tíì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó kàn ń jẹ owó, àti èyí tó léwu gan-an.

Mo máa sọ èrò tèmi báyìí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn nǹkan tí ò ná yín ní kọ́bọ̀ ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí, oògùn sì wà fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, kì í ṣe fún ọmọ tó kàn ń ba aṣọ jẹ́.

Nǹkan méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀

Wàrà dídà padà, tí wọ́n ń pè ní reflux nílé ìwòsàn, ohun tó fà á ni pé iṣan tó yí ẹnu ikùn po, tó yẹ kó dé e pa lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti wọlé, ò tíì gbó lára ọmọ tuntun. Omi lásán loúnjẹ ẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló sì ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà wàrà á rọra gòkè padà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ó máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí oṣù 4, nínú ọmọ 10 tó ń ṣe, nǹkan bí 9 ló ti máa bọ́ níbẹ̀ kó tó pé ọdún kan, láìlo nǹkan kan o. Ọmọ tó ń dà á padà lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń mu dáadáa, tó ń sanra, aṣọ fífọ̀ ni wàhálà tiẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Gáàsì yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ni, èyí tí ọmọ gbé mì nígbà tó ń mu tàbí nígbà tó ń ké, pẹ̀lú èyí tí ìfun ń ṣe fúnra ẹ̀ bí kòkòrò inú ibẹ̀ bá ń jẹ ṣúgà tó wà nínú wàrà. Inú á le, ojú á pọ́n, á máa ká orúnkún, bó bá só tán ara á rọ̀ ọ́. Gáàsì kì í sábà pẹ́ lára, ó ń wá ó ń lọ ni.

Ìkẹta kan wà tó máa ń wọ aṣọ gáàsì, òun ni ẹkún tí ò nídìí, colic. Láti 1954 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Wessel ti fún un ní ìwọ̀n táwọn èèyàn ṣì ń lò: ọmọ tára ẹ̀ le tó ń ké ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, ju ọjọ́ 3 lọ lọ́sẹ̀, fún ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ó máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, á sì lọ ní oṣù 3 sí 4. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ọmọ tó ń ké ń gbé afẹ́fẹ́ mì, torí náà gáàsì tẹ́ ẹ rí lè jẹ́ ohun tí ẹkún bí, kì í ṣe ohun tó bí ẹkún. Ìdí rèé tí oògùn gáàsì kì í fi í pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu mọ́.

Èyí tí ò sí lára ohun tá a fẹ́ fi wéra

Ọmọ kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ máa yan nǹkan fún, dókítà ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ bá lónìí. Bí ohun tó ń bì bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Bí èébì bá ń fò jáde tagbáratagbára lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, tí ebi sì tún ń pa á lẹ́yìn ìgbà tó bì tán, torí ó lè jẹ́ pé iṣan tó wà níbi tóúnjẹ ń gbà jáde kúrò nínú ikùn ló ki jù, ìyẹn iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú ẹ̀. Bí ọmọ tí ò tíì pé oṣù 3 bá ní ibà tó tó 38°C. Bí àwùjẹ bá wú síta, bí ikùn bá wú tó sì le, bí kò bá fẹ́ mu mọ́, bí páḿpásì ò bá rin bó ṣe máa ń rin, bí ọmọ ò bá sanra tàbí tó ń fọn. Wàrà dídà padà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6 náà, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Kí la máa fi wọ̀n wọ́n?

Nǹkan mẹ́rin. Ṣé ó léwu? Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé ẹnìkan kàn ní ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ òun? Èló ló máa ná yín, tí mo bá sì ní èló, mo ní owó àti wàhálà méjèèjì lọ́kàn o, torí òbí tí ò sùn, ohun tó máa fi kún iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ wo ló bá mu: ọlọ́yàn tàbí onífídà, ọmọ tó pé oṣù àbí èyí tí wọ́n bí kó tó pé?

Ti ẹ̀rí yẹn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àìsàn tó bá máa lọ fúnra ẹ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń lò lọ́sẹ̀ tó lọ ló máa gba ìyìn. Èèyàn á ra ìgò mẹ́ta, èyí ẹ̀kẹta á wọlé nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta gééré, ẹkún á dá, ìgò ẹ̀kẹta á di oògùn ìyanu, á sì máa júwe ẹ̀ fáyé gbọ́. Kò parọ́ o, ohun tó rí ló sọ. Ìyẹn làwọn olùṣèwádìí ṣe máa ń fún àwọn ọmọ kan ní oògùn, tí wọ́n á fún àwọn yòókù ní omi tí ò ní nǹkan nínú, kí wọ́n tó gbà pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́.

Bí ọmọ ṣe ń mu

Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibí náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù, torí kò ná yín lówó, kò léwu, ó bá gbogbo ọmọ mu, ó sì kan gáàsì àti wàrà dídà padà pọ̀.

Fún ọlọ́yàn, ẹ wo bó ṣe gbá ọmú mú. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ là gbayawu, kó gba púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, àgbọ̀n ẹ̀ kó kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ kó yí síta. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìró tàà-tàà bó ṣe ń mu, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé yẹn, ẹ rọra ti ìka bọ igun ẹnu ẹ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un gbé. Àwọn ìyá kan wà tí ọyàn wọn ń tú jáde jù, ọmọ á máa sẹ́, á máa húkọ́, á máa jà pẹ̀lú ọmú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ̀yìn tì, kọ́mọ wà lórí àyà yín, kí wàrà máa gòkè lọ bá a dípò kó máa dà lé e lọ́fun. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń yí nǹkan padà lọ́jọ́ kan náà.

Fún onífídà, wàhálà mẹ́ta ló sábà máa ń wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí wàrà ṣe ń sáré sí. Bí ihò rọ́bà fídà bá tóbi jù, wàrà á máa dà jáde légbẹ̀ẹ́ ẹnu, ọmọ á máa gbé e mì gbì-gbì-gbì. Bó bá kéré jù, á máa fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wọlé, afẹ́fẹ́ náà lá máa gbé mì. Ẹ gbé ọmọ jókòó díẹ̀, ẹ di fídà mú ní ìbú, kí wàrà ṣáà kún rọ́bà ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mí. Èkejì ni ìwọ̀n. Ọmọ tó ń mu fọ́múlà máa ń nílò nǹkan bíi mìlílítà 150 sí 200 lórí kílò kan láàárín wákàtí 24, ìyẹn ni pé ọmọ kílò 5 tó ń mu 150 lórí kílò kan á mu 750 lójúmọ́, bẹ́ ẹ bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, kò tó 100 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò ti ọmọ yín wò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò yẹn kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní ó ní reflux, ikùn ẹ̀ ló kún àkúnwọ́sílẹ̀, ohun tó kún ò sì ní ṣàì dà. Kékeré lóòrèkóòrè ló dáa. Ẹ ṣáà má fomi là á ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, ẹ má sì jẹ́ kó ki jù. Ẹ̀kẹta ni gbígbọ̀n tí wọ́n ń gbọ̀n fídà. Bẹ́ ẹ bá pò ó tán, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ kọjá wákàtí 2 kẹ́ ẹ tó lò ó, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ dà á nù.

Ọmọ méjèèjì: ẹ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ tó bá ti ń ké kó tó dẹ́nu lé e ti gbé afẹ́fẹ́ mì ṣáájú oúnjẹ.

Gígùnfẹ̀ àti gbígbé e dúró

Gbogbo èèyàn ló mọ èyí: ọmọ á wà léjìká, tàbí á jókòó lórí ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ fọwọ́ gbé àgbọ̀n ẹ̀, tàbí á da ikùn dé orí itan, ẹ ó wá máa rọra gbá a lẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni, kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹ̀ máa yà yín lẹ́nu. Àwọn olùṣèwádìí kan ní Chandigarh, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2015, ìyá 71 pẹ̀lú ọmọ wọn ló wà ńbẹ̀, wọ́n kọ́ apá kan láti máa jẹ́ kí ọmọ gùnfẹ̀, wọn ò kọ́ àwọn yòókù. Ẹkún ò dín kù, àwọn tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn tún wá ń da wàrà padà jù. Ìwádìí kékeré ni, mi ò ní torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ jáwọ́. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ń nà, tó ń jà, tó fi hàn pé nǹkan há a, ẹ jẹ́ kó gùnfẹ̀. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tàbí tó ti sùn lọ, bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan kan ò jáde, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ má jí ọmọ tó ń sùn torí gùnfẹ̀.

Gbígbé e dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ, èyí wà fún ọmọ tó ń da wàrà padà ju onígáàsì lọ. Àyà yín ni kó wà, tàbí nínú ohun tẹ́ ẹ fi ń gbé ọmọ mọ́ra. Kì í ṣe ìjókòó ọmọ inú mọ́tò o, ìyẹn ń ká a kò ni, ó ń tẹ ikùn ẹ̀, wàrà á tún gòkè sí i.

Fífi ọwọ́ ra ikùn ní yíyípo bí aago ṣe ń lọ, wíwa ẹsẹ̀ ẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́, dída ikùn dé nígbà tó lajú tẹ́ ẹ sì ń wò ó: gbogbo ẹ̀ wà fún gáàsì, gbogbo ẹ̀ dáa, ẹ má ṣáà ṣe é lẹ́yìn tó yó tán.

Fídà tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí gáàsì wọlé

Àwọn fídà yìí ní ọ̀nà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó má bàa dà pọ̀ mọ́ wàrà, òmíràn ní páìpù láàárín, òmíràn ní ihò nísàlẹ̀, òmíràn ní ọ̀rá inú tó ń fún pọ̀ bí wàrà ṣe ń tán. Wọ́n wọ́n ju fídà lásán lọ. Ẹ̀rí pé wọ́n ń dín ẹkún kù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọn ò léwu, wọ́n sì lè ran onífídà tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì gan-an lọ́wọ́. Ibi tí wàhálà wà ni fífọ̀: bí fídà kan bá ní ẹ̀yà márùn-ún, tẹ́ ẹ ń lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, ẹ ro iye nǹkan tẹ́ ẹ máa fọ̀ tẹ́ ẹ máa sè láago méjì òru, bí wàrà bá sì gbẹ sínú páìpù tóóró yẹn, kòkòrò dé nìyẹn. Èmi á sọ pé ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu fídà sí èyí tó lọ́ra sí i, owó díẹ̀ nìyẹn. Bí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú fídà yìí wò, ẹ má ra odindi páálí.

Àwọn omi ìkán: simethicone, gripe water, lactase, àti bakitéríà rere

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n máa kó síwájú yín ní kẹ́místì, wọn ò sì jọra rárá.

Simethicone ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó kéékèèké inú ikùn para pọ̀ di ńlá kó lè rọrùn láti jáde. Kò wọnú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde, ìdí nìyẹn tí ewu ẹ̀ fi kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í wé omi tí ò ní oògùn nínú fáwọn ọmọ tó ń ké, kò ju omi yẹn lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò burú, bí kò bá sí ìyàtọ̀ ẹ jáwọ́. Fún wàrà dídà padà, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe ńbẹ̀.

Gripe water ti pẹ́ jù gbogbo wọn lọ. William Woodward, ọkùnrin oníṣòwò oògùn kan ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1851, ọtí sì wà nínú èyí àtijọ́ yẹn, ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu pé ọmọ ń dákẹ́. Wọ́n ti yọ ọtí kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù lónìí. Ohun tó kù yàtọ̀ láti ìgò sí ìgò, ewéko kan tàbí méjì, ṣúgà tàbí ohun dídùn míì, sodium bicarbonate nínú àwọn kan. Adùn yẹn gan-an lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Mi ò rí ìdí tí mo fi máa yàn án ju simethicone lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu títí dé oṣù 6, omi gan-an ò sí ńbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti omi ewé. Tíì tí wọ́n fi star anise, èso olóòórùn dídùn kan, ṣe burú jùyẹn lọ: ní 2003 àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀ torí gìrì àti àwọn àìsàn ọpọlọ mìíràn tó ti bá àwọn tó mu ún, títí kan ọmọdé. Oyin náà ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan.

Lactase jẹ́ ẹnsáímù tó ń fọ́ ṣúgà wàrà. Ọmọ tí wọ́n bí láìní in rárá ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ̀rí ẹ̀ fún colic sì ń ṣe ségesège. Ó tún ní wàhálà tiẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi sínú wàrà tẹ́ ẹ fún jáde ṣáájú gbogbo oúnjẹ. Ẹ fò ó.

Bakitéríà rere, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus reuteri DSM 17938, òun nìkan ló ní ẹ̀rí tó dúró díẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà fún dáadáa: ọlọ́yàn tó ní colic. Nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí mélòó kan pọ̀, ẹkún dín kù lára àwọn ọlọ́yàn tó lò ó ju àwọn tí ò lò ó lọ, ṣùgbọ́n kò hàn bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń mu fọ́múlà. Ó wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù ò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, ní 2023 FDA kìlọ̀ pé irú ọjà báyìí lè fa àrùn tó lè gbẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ bakitéríà gan-an ni kẹ́ ẹ wò lára páálí, torí èyí tó kàn kọ “probiotic” síbẹ̀ lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá.

Wàrà tó ki àti lúbúlúbú alginate

Ọmọ tó ń da wàrà padà púpọ̀ tí ìnira sì hàn lára ẹ̀ ni méjèèjì yìí wà fún, kò kan gáàsì. Fọ́múlà tó ki ní ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí gọ́ọ̀mù igi carob nínú, ó wúwo, torí náà kì í tètè gòkè. Òótọ́ ló ń dín iye èyí tó ń dà síta kù, ojú ló máa fi rí i. Ṣùgbọ́n onífídà nìkan ló wà fún, ó wọ́n ju fọ́múlà lásán, ó lè jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ẹ sì lè nílò rọ́bà fídà tí ihò ẹ̀ tóbi sí i. Ẹ má fọwọ́ ara yín da ìyẹ̀fun oúnjẹ sínú fídà kó bàa lè ki, ìwọ̀n ẹ̀ ò ní dọ́gba, ọmọ lè sẹ́, ó sì lè sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ohun tí wọ́n ń fi xanthan gum ṣe láti fi ki wàrà náà, wọ́n ti kìlọ̀ látọdún 2011 pé kò yẹ fún ọmọ tí ò pé oṣù torí ó lè ṣàkóbá fún ìfun wọn.

Alginate, irú èyí tó wà nínú Gaviscon ti ọmọdé, máa ń ki bó bá dé inú ikùn. Ọlọ́yàn náà lè lò ó, wọ́n á pò ó mọ́ omi díẹ̀ tí wọ́n ti sè tó ti tutù. Iyọ̀ sodium wà nínú ẹ̀, òun náà lè mú ìgbẹ́ gbẹ, kò sì yẹ kẹ́ ẹ lò ó pọ̀ mọ́ fọ́múlà tó ki. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2015 tò ó báyìí fún onífídà tára ń ni: wọ́n ní ẹ kọ́kọ́ wo bí ọmọ ṣe ń mu, ẹ dín in kù bó bá pọ̀ jù, ẹ pín in kéékèèké, lẹ́yìn ìyẹn ni wàrà tó ki, bí ìyẹn ò bá ṣe é ni alginate fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn mọ́gbọ́n wá, èmi náà á tẹ̀ lé e.

Pípààrọ̀ wàrà torí ara ò gba ti màlúù

Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ èròjà inú wàrà màlúù, tí ìyẹn sì dà bíi reflux. Ohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ fura ni pé wàrà dídà padà nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀: ara á sú, á máa yún, ìgbẹ́ á ní ikun tàbí ẹ̀jẹ̀, àti pé ẹlòmíì nínú ẹbí ní irú ẹ̀. Onífídà á lọ sórí fọ́múlà tí wọ́n ti fọ́ èròjà inú ẹ̀ wẹ́wẹ́, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn á yọ gbogbo ohun tó ní wàrà màlúù nínú oúnjẹ tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà láti wò ó bóyá á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdápadà yẹn ṣe pàtàkì, òun làwọn èèyàn ń fò. Owó fọ́múlà yìí ga gan-an, fún ìyá náà oúnjẹ ẹ̀ á dín kù nígbà tó nílò ẹ̀ jù, nítorí náà kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa dá ṣe láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Pípààrọ̀ láti fọ́múlà kan sí òmíràn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ṣá, owó lẹ kàn ń ná.

Oògùn ásíìdì

Omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń dín ásíìdì inú ikùn kù, wọn ò dín iye wàrà tó ń gòkè kù. Bí ọmọ bá ń dà á padà, á ṣì máa dà á padà, àwọn ìwádìí sì fi hàn pé kì í dín ẹkún ọmọ kù ju omi lásán lọ. Àkóràn àyà àti ti inú lè pọ̀ sí i lára ẹni tó ń lò ó. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ti bó, tí kò mu, tí kò sanra, òun ni dókítà máa ń kọ ọ́ fún. Ranitidine tó gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2020 torí wọ́n rí ohun tó lè fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀, nítorí náà bí ẹnìkan bá fẹ́ fún yín ní èyí tó ṣẹ́kù lára ti ọmọ ẹ̀, ẹ má gbà á. Domperidone àti metoclopramide, àwọn oògùn tó ń mú kí oúnjẹ tètè kúrò nínú ikùn, ewu wọn pọ̀ ju àǹfààní wọn lọ fún irú èyí.

Tìmùtìmù gíga àti bẹ́ẹ̀dì tó dagun

Èyí nìkan ni mo máa sọ pé ẹ má rà á rárá. Ó jọ ohun tó mọ́gbọ́n wá, ṣebí bí orí bá ga wàrà ò ní gòkè. Kì í dín reflux kù tó bó ṣe yẹ, ọmọ á sì rọra yọ̀ wá sísàlẹ̀, àgbọ̀n á kan àyà, ọ̀nà èémí á dí. Ọmọ ti kú lórí irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, débi pé ní 2022 Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ka títà àwọn tó dagun ju dígíríì 10 lọ léèwọ̀. Ẹ̀yìn ni kọ́mọ fi lélẹ̀, lórí ibi tó tẹ́jú tó sì le díẹ̀, gbogbo ìgbà, ọmọ tó ń da wàrà padà náà wà ńbẹ̀. Ìbẹ̀rù pé á sẹ́ bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀, ohun tó bá gòkè á ṣòro fún láti wọ ọ̀nà èémí. Bó bá da ikùn dé, ó yí padà nìyẹn. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í polongo fífẹ̀yìn sùn ní 1994, ikú òjijì ọmọ lójú oorun ti dín kù tó nǹkan bí ìdajì.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ yín ń da wàrà padà ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ń dùn tó ń sanra: ẹ ṣètò bó ṣe ń mu, ẹ gbé e dúró díẹ̀, ẹ ra bíìbù púpọ̀. Ó tán. Ẹ má ná owó míì.

Onífídà tó ń dà á padà, tó ń ké bó ṣe ń mu, tó ń na ẹ̀yìn: ẹ ṣírò ìwọ̀n oúnjẹ, ẹ pín in, ẹ wo rọ́bà fídà. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí kò yí padà, fọ́múlà tó ki, lẹ́yìn ìyẹn alginate, ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́yàn tí ohun kan náà ń ṣe: bó ṣe gbá ọmú mú ni àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò yín nígbà tó ń mu. Bí ó bá ṣì ń ni ín lára, alginate. Ẹ má torí reflux já ọmọ lẹ́nu ọmú kẹ́ ẹ lè fún un ní wàrà tó ki, kò tó bẹ́ẹ̀.

Onígáàsì tó ń só tó sì ń rọlẹ̀: ẹ wa ẹsẹ̀ ẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́, ẹ fọwọ́ ra ikùn ẹ̀, ẹ lo rọ́bà fídà tó lọ́ra. Simethicone bẹ́ ẹ bá fẹ́, fún ìfọ̀kànbalẹ̀ tiyín.

Ọmọ tó ń ké nírọ̀lẹ́ títí òru, tó jẹ́ pé lọ́sàn-án kò sí nǹkan tó ṣe é: bó bá jẹ́ ọlọ́yàn tó pé oṣù tówó sì wà, L. reuteri yẹn, bó bá jẹ́ onífídà, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ máa rìn, ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, kẹ́ ẹ máa ka ọ̀sẹ̀. Bó bá sì dé ibi tí ara yín ò gbà á mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ẹ̀ níbi tí ewu ò sí, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ mí. Ẹkún ò ní ṣe é ní nǹkan kan láàárín ìyẹn, àmọ́ mímì ọmọ jìgìjìgì lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ tàbí kó pa á.

Ọmọ tí ara ẹ̀ ń sú, tí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀: dókítà, kẹ́ ẹ béèrè nípa wàrà màlúù. Èyí tí wọ́n bí láìpé oṣù: kò sí ìgò kankan fún un láìbéèrè, àní simethicone pàápàá.